Àpótí Gíláàsì Tí Bàbá Kàn fún Mọ́námọ́ná

Àpótí tí bàbá bàbá mi kàn kẹ́yìn wà lórí tábìlì nínú yàrá mi ní Krofrom, ní Kumasi. Ejò kan ló ń gbé inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò rẹ́rìn-ín tàbí kó sún sẹ́yìn, mo sì ti rí méjèèjì lójú àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ̀rọ̀ Bàbá kí n yọ ejò náà kúrò, nítorí orí rẹ̀ ni àríyànjiyàn wa ìkẹ́yìn dá lé, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí nínú mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wa ti wọ ilẹ̀ lọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ nìyí. Bí mo bá fi àpótí náà sílẹ̀ bí Bàbá ṣe fẹ́ ẹ, pẹ̀lú bébà gbígbẹ nísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ejò náà pàdánù ojú kan ṣoṣo tó kù fún un. Bí mo bá sì da yẹ̀pẹ̀ tútù sí i kí ara lè rọ ejò, pákó rẹ̀ yóò jẹrà, iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá ìkẹ́yìn yóò sì bà jẹ́ lójú mi, láti ọwọ́ mi. Ẹlòmíì lè ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi láàárọ̀ nígbà náà, kí n tó tún jókòó síwájú rẹ̀ láìṣe nǹkan kan.

Pàpá Gíláàsì ni gbogbo Dichemso, àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ń pe Bàbá. Mùsítàfá ni orúkọ rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tirẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí òun sí, èdè Twi rẹ̀ sì já gaara débi pé àwọn oníbàárà kì í mọ̀ pé Yorùbá ni títí wọn yóò fi gbọ́ ọ níbi tó ti ń bá mi wí. Ṣóò-gíláàsì ló ń kàn, àwọn àpótí onígíláàsì tí àwọn tó ń ta búrẹ́dì, ẹja díndín àti bofrot, ìyẹn pọ́fù-pọ́fù ti Ghana, ń pàtẹ ọjà wọn sí létí títì. Láti Race Course títí dé ọ̀dọ̀ wa, mo lè tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀ bí mo bá ń rìn lọ. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń fi gíláàsì sí. Àwọn káfíńtà mìíràn a máa fi pákó dí ẹ̀yìn, Bàbá kò gbà. Ó ní ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn lè jẹ́ ẹni tí ebi ń pa jù. "Ohun tí ojú kò bá rí," ó máa ń wí, "ọ̀fun kì í béèrè rẹ̀."

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ejò, kí ẹ má bàa rò pé alágídí lásán ni. Ohun tí ènìyàn ń wò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kàn. Ó sì fẹ́ràn ohun tó mọ́. Kí ó tó kírun, á kọ́kọ́ gbá gbogbo lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, á gbọn ẹ̀wù rẹ̀, á tún wo abẹ́ èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bíi dókítà, kí ó tó gbé kẹ́tù àlùwàlá. Bí mo bá sọ fún un nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé ibi kan mọ́, á ní kí n fi ìka nù ún kí n sì fi ìka náà kan ahọ́n. N kò jẹ́ ṣe é, nítorí náà mo tún gbá a.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Maame Akosua, tó ń ta bofrot nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá kan ṣóò-gíláàsì fún un nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àpótí náà dára lójú obìnrin náà débi pé ó gbé e sínú pálọ̀, ó fi ọ̀rá bò ó, ó sì ń ta bofrot rẹ̀ nínú abọ́ àtijọ́ lọ. Nígbà tí Bàbá gbọ́, ó fà mí lọ́wọ́, a sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lọ́rùn rẹ̀. Ó kí i dáadáa, ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó wọ pálọ̀, ó ya ọ̀rá náà, ó sì gbé àpótí jáde sí etí gọ́tà. Maame Akosua ń tẹ̀ lé e, ó ń sọ ní Twi pé, "Papa, ɛyɛ fɛ dodo," pé ó ti rẹwà jù fún eruku àti òróró. Bàbá to bofrot mélòó kan sínú rẹ̀, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó wò ó. Lójú ọ̀nà ilé ló tó sọ̀rọ̀, oríkì mi ló sì fi pè mí, bó ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá wúwo. "Àbẹ̀kẹ́, ohun tí mo bá kàn, kó gbó sẹ́nu iṣẹ́." Bofrot tí Maame Akosua fún mi gbóná lọ́wọ́ mi. Òun ni mo ń rò.

Mo ka ìmọ̀ nípa ẹranko ìgbẹ́ ní yunifásítì. Bàbá kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe, ṣùgbọ́n ó ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà. Nígbà tí mo ń sin ìlú lọ́dún tí mo jáde, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan fi ṣọ́bìrì gbá mọ́námọ́ná kékeré kan nínú ihò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, mọ́námọ́ná ni ejò tó máa ń ká ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Kò ní oró, kò sì sí ohun tó fẹ́ ju kí wọ́n fi òun sílẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ kan fọ́. Olùkọ́ mi ní bí a bá dá a padà sí igbó, kò ní pẹ́ kú. Mo gbé e wálé nínú ike onídèrí.

Àbúrò bàbá mi, Àǹtí Sìkírà, tí a jọ ń gbé, gun orí àga. Ó ní èmi ni tàbí ejò náà. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wo ike náà pẹ́. Mo ti múra gbogbo àlàyé sílẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ṣe, mo ti ń dá wọn sọ ní gbogbo ọ̀nà títí mo fi délé. N kò lo ọ̀kan. Ohun tó béèrè ni pé, "Ṣé ó ti jẹun?" Mo ní rárá. Ó ní kí Àǹtí sọ̀kalẹ̀ lórí àga. "Àlejò tí kò bá jẹun," ó ní, "kì í jẹ́ kí onílé sùn." Àlejò ni orúkọ ejò náà di láti ọjọ́ náà. Nígbà tí mo mú ọmọ eku dé láti fún un jẹ, Bàbá béèrè bóyá kò yẹ kí ẹnìkan ṣe bísímílà sí i kí Àlejò má bàa jẹ òkú ẹran. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá àwàdà ni.

Ó ní òun máa kan ilé fún un. Ibẹ̀ ni ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń sin ejò fi ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ ni àpótí gbalasa: bébà nísàlẹ̀, abọ́ omi, ibi ìsápamọ́ kan, ó parí. Bó bá yàgbẹ́, ẹ ká bébà, ẹ tẹ́ òmíràn. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ bu igbó sínú àpótí: yẹ̀pẹ̀ jíjìn, ewé gbígbẹ, igi tó ti ń rà, ewéko tó ń hù, àti àwọn kòkòrò pínnpín tó ń jẹ ìgbẹ́ ejò àti ewé jíjẹrà tí gbogbo rẹ̀ á fi máa tún ara rẹ̀ ṣe. Ejò á lè walẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ á mú ọ̀rinrin dání. Mo ti wo fídíò irú rẹ̀ lórí fóònù títí ojú fi ń ro mí, èyí ni mo sì fẹ́.

Mo ṣàlàyé fún Bàbá. Ó gbọ́ mi dópin, ó sì béèrè ẹni tó máa ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Mo ní àwọn kòkòrò ni. Ó wo Àǹtí, Àǹtí wò ó. "Ilé tí kòkòrò ń gbá," ó ní, "ṣé ilé nìyẹn?" Ó kan èyí tó wù ú: férémù pákó wawa, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní arère, pẹ̀lú gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wawa fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n kò lè fara da omi. Ó mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó yàn án. Ó ní òun kò kan àpótí fún ìdọ̀tí.

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé ìsọ̀ ló kàn fún ejò náà, kò kan ilé. Kò gbé ohùn sókè. "Ìsọ̀," ó ní, "ni wọ́n fi tọ́ ìwọ náà dàgbà." Ó sì padà sídìí gíláàsì tó ń gé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa bébà náà, nítorí bí n kò bá sọ ọ́, ìtàn yìí á dà bí ẹni pé èmi ni mo jàre. Ní oṣù àkọ́kọ́, kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ wọ ara Àlejò, wọ́n kéré bí orí abẹ́rẹ́. Èmi ni mo rí wọn, ṣùgbọ́n bébà funfun ló jẹ́ kí n rí wọn. Ká ní inú yẹ̀pẹ̀ ló wà ni, wọn ì bá ti mu ún gbẹ kí n tó fura. Bàbá kò sọ pé òun wí bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín sínú nígbà tó ń bá mi fọ gíláàsì, mo sì mọ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Òun ló ń pààrọ̀ bébà náà láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló ń lò, kò sì sí ojú ìwé kan tó ń tẹ́ láìkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn. Bí orúkọ Ọlọ́run bá wà níbẹ̀, lédè èyíkéyìí, á yọ ọ́ sọ́tọ̀. Bí àwòrán ẹni tó kú bá wà níbẹ̀, á yọ ọ́ sọ́tọ̀ pẹ̀lú, ẹni tó bá sì ń ka ìwé ìròyìn nílùú yìí mọ̀ pé àwòrán òkú kì í wọ́n níbẹ̀. Èyí tó bá yọ, á kó wọn jọ títí di ọjọ́ Jímọ̀, á sun wọ́n nínú agolo kan lẹ́yìn ilé, á da eérú rẹ̀ sídìí igi gúáfà. Mo bi í nígbà kan pé kí ló kan Àlejò nínú ìyẹn, nígbà tí kò mọ̀wé. Ó ń wo àwòrán ìyá arúgbó kan tó dé gèlè. Ó ká a, ó fi sí ẹ̀gbẹ́. "Òkú kì í ṣe ẹní," ó wí.

Lẹ́yìn tí mo sin ìlú tán, n kò ríṣẹ́. Mo máa ń jókòó sínú yàrá pẹ̀lú ejò mi, mo ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, mo ń pa á rẹ́. Mo ń bẹ̀rù pé gbogbo ènìyàn ló ń retí nǹkan lọ́wọ́ mi, mo sì tún ń bẹ̀rù pé bóyá kò sẹ́ni tó ń retí nǹkan kan. Bàbá á wá kan ilẹ̀kùn. Ó mọ òwe kan, kì í sì í jẹ́ kí ó sinmi: "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jáde wá jẹun."

Ṣùgbọ́n Àlejò kò jẹun. Nínú ṣóò-gíláàsì tuntun rẹ̀, ó ká ara rẹ̀ sábẹ́ ìkòkò amọ̀ kékeré tí mo dojú rẹ̀ dé fún un, ó sì kọ eku, ó kọ òròmọdìẹ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Bí a bá ń kọjá níwá, ó ń rí wa. Bí a bá ń kọjá lẹ́yìn, ó ń rí wa. Mo ti sọ ohun tí mo rò, n kò fẹ́ tún un sọ. Bàbá máa ń gbé àga síwájú àpótí náà ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń wò ó, n kò sì tíì mọ̀ pé wíwò tó ń wò ó gan-an wà nínú ìṣòro náà.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fi ń mọ̀ ọ́n ju gbogbo ohun tó kù lọ. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé agolo ọ̀dà dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì jáde, ó jókòó sílẹ̀, ọkùnrin tí kò fi pákó dí gíláàsì rí láyé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun gíláàsì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé. Ó kun ẹ̀yìn, ó kun apá ọ̀tún, ó kun apá òsì. Bó ṣe ń kùn ún ló ń sọ ìtàn kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba lé àwọn àjèjì kúrò ní Ghana, ọ̀dọ́ ni, wọ́n kó o lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò fojú rí rí. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ilé. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wò ó, ọmọ tó ń fi Twi lú Yorùbá, wọ́n á ní kó tún sọ ọ́. Ó ní oúnjẹ ìyá òun àgbà dùn, ṣùgbọ́n kò lọ lọ́fun òun. Nígbà tí nǹkan rọ̀, ó padà wá sí Kumasi níbi tí wọ́n ti ń pè é ní àjèjì, ó sì jẹun yó.

Ó fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì nu etí gíláàsì. "Ojú pọ̀ jù lára rẹ̀," ó wí. Gbogbo ohun tó sọ nípa ẹni tó jàre kò ju ìyẹn lọ. Àlejò jẹun kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.

Ẹ ò rí i pé ó ti wá pàdé mi ní ìdajì ọ̀nà. Èmi ni n kò kúrò lójú kan. Mo tún gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀pẹ̀ dé, nítorí ọyẹ́ ti ń fẹ́, inú àpótí náà sì gbẹ táútáú. Ejò tó ń gbé ibi gbígbẹ kì í bọ́ awọ rẹ̀ dáadáa. Awọ Àlejò já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èyí tó bo ojú rẹ̀ tó dára kò sì bọ́. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́ títí ó fi ṣí. Olùkọ́ mi ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú náà lè lọ. Mo fi aṣọ tútù sínú ìkòkò rẹ̀. Bébà hu èéhù, ikùn Àlejò pọ́n. Bàbá rí gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n fún òun láyè kí òun ronú férémù mìíràn, irú èyí tí omi kò ní lè jẹ. Ó ń wá igi tí yóò fi ṣe é nígbà tí àìsàn mú un.

Mo ti ń kó yẹ̀pẹ̀ náà jọ. Èyí ló ń dùn mí jù, mo sì ti gbìyànjú láti sọ ọ́ lọ́nà tí kò fi ní burú, kò ṣeé ṣe. Garawa kan wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ tí mo fi àpò bò. Yẹ̀pẹ̀ abẹ́ igi, ewé gbígbẹ àti àwọn kòkòrò pínnpín náà wà nínú rẹ̀, mo ń bu omi wọ́n wọn kí wọ́n má bàa kú. N kò fẹ́ kí Bàbá kú. Mo lè búra. Ṣùgbọ́n mo ń tọ́jú garawa náà de ìgbà kan tí kò ní sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn, ìgbà wo ni mo sì rò pé ìyẹn máa jẹ́? Ibẹ̀ ló ń gbà lọ ṣe àlùwàlá, nígbà márùn-ún lójúmọ́. N kò mọ̀ bóyá ó rí i. Kò béèrè.

Nígbà tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́, mo gbé àpótí náà wá sí yàrá rẹ̀, ó ń jókòó lórí ibùsùn, mo sì ń gbé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sókè fún un kí n tó tẹ́ ẹ. Á mi orí, tàbí kó na ọwọ́ gbà á. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn àsùbáà, ó jáde láyé, a sì ti sin ín kí àlàásárì tó dé.

Àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́ di ọ̀la, nítorí náà ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀. Maame Akosua bínú sí wa. Ó ní nínú Kumasi yìí, ẹni tí kò bá ní pósítà kò tíì kú. Àǹtí Sìkírà bá lọ tẹ pósítà fún fídáù ọjọ́ kẹjọ, àwòrán tí Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀ jù. Lẹ́yìn fídáù, ó wá jókòó tì mí, ó ní ó dáa, mo ti lè ṣe ilé ejò mi bó ṣe wù mí báyìí, kò sẹ́ni tó máa bá mi jà mọ́. Ó fẹ́ tù mí nínú ni. Mo dìde, mo wọ yàrá mi, n kò sì jáde títí ọjọ́ kejì fi mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì náà ni mo rí i ní yàrá Bàbá pé bébà inú àpótí ti yí padà. Ó mọ́, ó nípọn, ó ń dán. Àlejò ti tọ̀ sí i, ó sì ti yàgbẹ́ sí i, ibi tó tutù sì ti jẹ́ kí ohun tó wà lódìkejì rẹ̀ hàn síta. Eyín ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni téèpù ìwọ̀n.

Mo bá Àǹtí ní ibi tó ti ń ṣa ìrẹsì.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ bébà Àlejò?"

"Èmi ni. O ò jáde láti àná, ibẹ̀ sì ti ń rùn. Mo fi aṣọ wé ọwọ́, mo gbé ìkòkò yẹn tòun tejò." Ó gbé ojú sókè, ó fẹ́ kí n yìn ín, ẹni tó gun orí àga níjọ́sí. "Ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já."

"Bébà wo lẹ lò?"

Ó ṣa òkúta kan sọnù. "Èyí tó kù yẹn. Ìwé ìròyìn ti tán, Bàbá ló ń rà á. Mo da ojú rẹ̀ délẹ̀, kí ó má bàa máa wò mí." Ó wo ojú mi, ó sì gbé atẹ ìrẹsì sílẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, mo tẹ́ bàbá mi fún ejò."

Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ó ní ẹ̀bi ta wá ni. Mo mọ ẹni tí iṣẹ́ títẹ́ bébà kù sí lọ́wọ́, mo sì mọ ibi tí ẹni náà sùn sí láti àná. A jọ yọ ọ́. Àǹtí kò fẹ́ kí a jù ú sínú àkìtàn, ó sì tún ní a kò lè sin ín lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí agolo náà. A sun ún nínú rẹ̀, a da eérú rẹ̀ sídìí igi gúáfà bó ṣe máa ń ṣe. Ọjọ́ náà kì í ṣe Jímọ̀, èyí sì tún bí mi nínú sí ara mi.

Nígbà tí mo padà wọlé, awọ Àlejò ti ṣú. Ojú rẹ̀ tó dára ti dà bí omi tí wọ́n da mílíìkì sí, bó ṣe máa ń rí bí ìgbà àtibọ́ awọ bá ti sún mọ́. N kò lè dúró pẹ́ mọ́. Àǹtí sọ ohun tí ẹnikẹ́ni tó lórí pípé máa sọ: kí n wá ike ńlá kan fún ejò àti yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, kí a sì fi iṣẹ́ Bàbá pamọ́. Ó ti rí ibi tí a máa gbé e sí, orí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó ní a máa fi ọ̀rá bò ó kí eruku má bàa bà á jẹ́.

Ọ̀rá yẹn ni mo gbọ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí náà lọ́wọ́, mo sì rí pálọ̀ Maame Akosua, mo rí ọ̀rá tó ya lọ́wọ́ Bàbá.

Mo lọ sí Dichemso. Maame Akosua wà níbi tó máa ń wà, àpótí rẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. N kò tíì wò ó dáadáa láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Òróró ti mu igi rẹ̀ títí ó fi dúdú. Igun gíláàsì kan ti sán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí Bàbá kàn mọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti tún un pààrọ̀. Ó kún fún bofrot. Mo bi í bóyá kò ronú pé òun ì bá ti tọ́jú rẹ̀ fún ìrántí. Ó wò mí bí ẹni pé yunifásítì ti bà mí lórí jẹ́. Ó ní kí ni ènìyàn máa rántí lára àpótí òfìfo.

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé mo gbọ́ ohùn Bàbá nígbà tí mo bu yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ sínú àpótí, pé ó dárí jì mí. N kò gbọ́ nǹkan kan. Wawa náà ṣì funfun, ó ṣì ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì ń da ohun tó kọ̀ títí ó fi kú lé e lórí. Ó ní òun kò kan àpótí fún ìdọ̀tí. Ó tún ní ohun tí òun bá kàn, kó gbó sẹ́nu iṣẹ́. Ẹnu kan náà ló fi sọ méjèèjì. N kò lè bi í mọ́ pé èwo ni kí n tẹ̀ lé, n kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ pé ó dájú.

Àlejò ti walẹ̀. Àǹtí Sìkírà máa ń wá láràárọ̀, kò jẹ́ gun àga mọ́, á tẹ̀ síwájú gíláàsì kan ṣoṣo tí Bàbá kò kùn, á ní òun kò rí i. Mo máa ń sọ fún un pé ó wà nílé. Ní àná, a rí awọ kan lórí ewé, ó gùn, kò já níbì kankan, awọ tó bo ojú méjèèjì sì wà lára rẹ̀, ó mọ́ bíi gíláàsì.

Lẹ́yìn tí Àǹtí bá ti jáde, mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ pákó ìsàlẹ̀. Ó ti dúdú ní igun kan. Lónìí, ó rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi.